Òrùlé Tí Mo Kọ́ Lé Iná Lórí

Àtìní, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹrin

Bismillahi. Òjò tó rọ̀ lónìí kì í ṣe òjò eré. Awọ màlúù mẹ́rin ló wà lórí iná wa nígbà tó dé, ó sì pa iná náà bí ẹni pé a ránṣẹ́ pè é. A tún un dá, ó tún pa á. Táyà tí a fi ń dáná, tí kì í ka òjò sí, pàápàá kàn ń rú ni, kò jó. Àwọn alápatà jókòó sábẹ́ òrùlé tiwọn níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran, wọ́n ń wò wá. Jímọ̀ tó jẹ́ olórí wọn, tí a jọ kọ́ kéwú ní kékeré, na ọrùn jáde, ó ní, "Kúlísúmù, kú usẹ́ o. Ṣé awọ lo ń wì ni àbí ara lo ń wẹ̀?" Mo ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, tí pọ̀nmọ́ bá dénú ọbẹ̀ rẹ̀ kò ní bi í bóyá ó wẹ̀.

Ohun tó ká mi lára kì í ṣe ẹ̀sín Jímọ̀. Rùqáyyàh ni. Ọmọ ìyá mi ni, àbíkẹ́yìn wa, èmi ni mo pọ̀n ọ́n títí ó fi rìn. Láti ìgbà ìtúnu ààwẹ̀ ló ti ń húkọ́, lónìí ó sì wà nínú òjò náà títí aṣọ fi lẹ̀ mọ́ ọn lára. Òtútù ti wọ̀ ọ́ láyà, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iléyá ń bọ̀, gbogbo orí àgbò àti ẹsẹ̀ àgbò ìlú yìí ló sì ń wá sọ́dọ̀ wa. Tí òjò bá ń na ọmọ yìí báyìí títí di ìgbà náà, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá wa lọ́run?

Mo máa kọ́ ilé lé iná yẹn lórí. Mo ti sọ ọ́, ó ti di kíkọ́ nìyẹn.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo pe àwọn obìnrin ìdí iná jọ lẹ́yìn iṣẹ́. N kò ṣe ọ̀rọ̀ gígùn. Mo ní àwọn alápatà ní òrùlé, màlúù tí wọ́n so mọ́lẹ̀ pàápàá ní ibòji, àwa nìkan la wà bí ọmọ òrukàn. Kí n tó jókòó wọ́n ti ń dáwó. Jemimah tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sáàárín wa lọ́dún tó kọjá ló kọ́kọ́ dá tirẹ̀. Rùqáyyàh rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ilé iná yín á wá dáa ju ilé ọkọ tèmi lọ." Ẹ̀rín yẹn di ikọ́, ikọ́ náà kò sì tètè tán.

Nígbà tí a ń lọ sílé mo ra mílíìkì alágolo fún un, mo ní kó mu ún, kó fi ṣíbí epo pupa kan tẹ̀lé e. Bí gbogbo wa ṣe ń fọ èéfín kúrò nínú ara nìyẹn, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ fún mi.

Àtàlátà, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo ní kí Rùqáyyàh sinmi nílé. Ó ní kí òun sinmi kí ta ni ó máa wi awọ. Kò purọ́, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó tirẹ̀. Ṣùgbọ́n agídí rẹ̀ yìí, n kò mọ ẹni tó jọ. Jímọ̀ ní òun mọ̀ ọ́n.

Jímọ́ọ̀, ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún

Wọ́n ti sọ páànù di wúrà. Mo ná an títí ẹni tó ń tà á fi bi mí bóyá páànù ni mo fẹ́ rà ni àbí ìyàwó ni mo wá tọrọ. Ṣùgbọ́n mo rà á. Dominic, káfíńtà tó wá láti Okeluse, ti ri òpó. Mo ní kó jẹ́ kí òrùlé náà rẹlẹ̀ kí òjò má baà máa fẹ́ wọlé, kó sì fi páànù dí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Ẹ̀gbẹ́ kẹrin ni ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí ibi tí àwọn alápatà ti ń ju awọ sí wa. Dominic ní bí mo bá ṣe fẹ́ ẹ ni òun máa ṣe é. Mo fẹ́ràn oníṣẹ́ tó mọ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un.

Iṣu ti wọ́n. Ẹran náà wọ́n, ṣùgbọ́n ìyẹn kò bí mi nínú.

Sátidé, ọjọ́ kẹwàá

Alhamdulillah, a ti ṣí ilé iná. Àlùfáà ṣàdúrà, a pín àkàrà àti ẹ̀kọ, Jímọ̀ sì dìde sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo àwọn alápatà. Ó fi èdè Ọ̀wọ̀ ìlú wa sọ ọ́, ó ní, "Ulé yìí dáa. Kúlísúmù, o ṣe é. Ọmọ Ọ̀ghọ̀ tòótọ́ ni ọ́." Ẹni tó ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà níjọ́sí nìyẹn. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ lónìí.

Bí wọ́n ṣe ń parí àdúrà ni òjò dé. A dáná, a kó awọ lé e, òjò ń lu páànù, iná wa ń jó. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Jemimah jó.

Ní gbangba, ẹni tó bá pẹ́ jù nídìí iná ló ń kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló ń dúró síwájú èéfín. Bí mo ṣe bá iṣẹ́ nìyẹn, mo sì jẹ èéfín fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó dé ẹ̀yìn afẹ́fẹ́. Nínú ilé tuntun yìí, ìyẹn ti tán. Afẹ́fẹ́ kò ríbi wọlé, òjò kò ríbi wọlé, àgbà àti ọmọdé ti di ọ̀kan. Mo fi Rùqáyyàh sí igun inú pátápátá, níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù, kí òtútù má tún fojú kàn án.

Àtàlátà, ọjọ́ kẹtàlá

Òjò láàárọ̀, òjò lọ́sàn-án. Iná kò kú rárá. Ojú ń ta mí.

Àlàádì, ọjọ́ kejìdínlógún

Jemimah ní orí ń fọ́ òun. Adéfúnkẹ́ tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ojú òun ń ṣomi. Mo ní ilé tuntun ni, ara á mọ́ ọn. Èmi náà fọn imú lónìí, ohun tó jáde dúdú bí omi èédú, ṣùgbọ́n n kò sọ fún wọn. Tí olórí bá ń ráhùn, kí ni kí ọmọ ẹ̀yìn ṣe?

Rùqáyyàh kò gbádùn rárá. Àyà rẹ̀ ń súfèé, ó sì ní ó ń ṣe òun bí ẹni pé ènìyàn jókòó lé òun láyà. Mo fi mílíìkì kún mílíìkì. Mo tún yẹ igun rẹ̀ wò dáadáa, mo rí i pé páànù méjì kò pàdé níbẹ̀, àlàfo wà tí atẹ́gùn tútù ń gbà bá a lẹ́yìn. Mo fi àpò sìmẹ́ǹtì dí i pinpin. Ó kí mi, ó ní mo ṣeun.

Àlàrùbá, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo ń kọ èyí ní ọsibítù. Rùqáyyàh ṣubú nídìí iná láàárọ̀. Kò pariwo. Ó kàn di òpó mú, ó rọra jókòó, ètè rẹ̀ sì ń di àwọ̀ eérú. A gbé e jáde. Jímọ̀ ti kó ẹran sínú mọ́tò rẹ̀, ó ń lọ sọ́jà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da gbogbo ẹran náà sílẹ̀, ó ní kí n gbé àbúrò mi wọlé. N kò ní gbàgbé ìyẹn fún un.

Wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú. Dókítà tó gbà wá ń jẹ́ Olúyẹ́misí, ọmọ Ìbàdàn ni, ọmọ kékeré lójú mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó ń bi Rùqáyyàh ní ìbéèrè, Rùqáyyàh kò sì lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ kó tó tún máa wá èémí. Èmi ni mo wá ń dáhùn. Mo ní òtútù ni, òjò ló nà án. Mo ní ṣùgbọ́n a ti bọ́ lọ́wọ́ òjò báyìí, mo ti kọ́ ilé lé iná lórí, ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta la dí, kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni tó ń retí kí wọ́n kí òun.

Dókítà gbójú sókè. Ó ní, "Ìyá, èéfín náà ńkọ́? Ibo ló ń gbà jáde?"



Ó ṣàlàyé fún mi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní èéfín táyà kì í ṣe ẹgbẹ́ èéfín igi, májèlé ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jókòó síbẹ̀. Ó ní kì í ṣe òtútù ló ń ṣe àbúrò mi. Ó ní ọ̀nà oúnjẹ ni mílíìkì àti epo ń gbà lọ sínú ikùn, wọn kì í pàdé èéfín níbì kankan débi tí wọ́n á fọ̀ ọ́. Ó ní tí Rùqáyyàh bá tún padà sínú èéfín, ó ṣeé ṣe kí a má ráyè gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn lẹ́ẹ̀kejì. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, mo sì gbọ́ ọ yékéyéké.

Àlàmísì, ọjọ́ kejìlélógún

Mo dé odò ẹran níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo wọ inú ilé iná, mo gbójú sókè. Páànù tó ń dán lọ́jọ́ tí a ṣí i ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fi ìka kàn án, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ó ń yọ̀ bí gírísì. Igun Rùqáyyàh ló dúdú jù. Àpò sìmẹ́ǹtì tí mo fi dí àlàfo yẹn dà bí ohun tí wọ́n rì bọ inú ọ́ìlì mọ́tò. Èmi ni mo gbé e sí igun yẹn. Èmi ni mo dí i. Mo jókòó sórí òkúta, mo sunkún bí ọmọdé.

Lẹ́yìn náà mo bọ́jú. Ẹkún kò lè tú páànù. Bí ẹṣin bá dáni, à á tún un gùn ni.

Jímọ́ọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ mo sọ fún wọn: ilé náà máa wó, táyà náà máa lọ. Ariwo ta. Adéfúnkẹ́ ní ṣé ilé tí gbogbo wa dáwó kọ́, tí àkàrà ìṣílé rẹ̀ kò tíì dà nínú wa? Jímọ̀ gbọ́, ó rìn wá. Ó ní, "Kúlísúmù, Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Tí òjò bá pa iná rẹ, tí kò tún sí táyà, ṣé èémí ẹnu lo fẹ́ fi wi orí àgbò? Wọ́n á kó usẹ́ lọ fún ẹlòmíì."

Mo ní kí wọ́n kó o lọ. Mo ní, "Jímọ̀, nígbà tí mo kọ́ ọ, o pè mí ní ọmọ Ọ̀ghọ̀. Tí mo bá wó o, o ó tún pè mí bẹ́ẹ̀." Mo ní kí gbogbo wọn tẹ̀lé mi wọlé, kí wọ́n gbójú sókè. Mo ṣí ìborùn funfun tí mo fi kírun, mo fi nu òrùlé náà, mo sì gbé e yípo kí wọ́n wò ó.

Jemimah ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí, ó ní, "Ìyá Tahir, ṣé nǹkan tó wà nínú mi nìyẹn?"

Kò sí ẹni tó tún jiyàn.

Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Rùqáyyàh jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì lónìí. Ó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó sinmi, ó tún sọ mẹ́ta. Ó bi mí nípa àwọn ọmọ rẹ̀, mo ní wọ́n ń jẹun lọ́dọ̀ mi, wọ́n sì ń jà. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in tán. Ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe bà mí lọ́jọ́ tó ṣubú. Mo jáde síta, mo ra ọsàn tí a kò nílò.

Àlàádì, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Èmi ni mo kọ́kọ́ gun àkàbà. Dominic ní òun kò tíì rí ilé tí onílé fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú kí àdúrà rẹ̀ tó gbẹ lẹ́nu àlùfáà. Mo ní kó fún mi ní òòlù, kó dákẹ́. Ìṣó kò fẹ́ jáde, Dominic kàn án dáadáa, ègún ni fún oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́. A tú u tán kí oòrùn tó kanrí.

Mo ní kó má kó òpó lọ. A fọ páànù díẹ̀, ó gbé e sórí òpó mẹ́rin lẹ́yìn lọ́hùn-ún, igi ìdáná la ó máa kó sábẹ́ rẹ̀. Igi ni mo bò báyìí, n kò bo ènìyàn mọ́ iná mọ́. Táyà tó kù, wọ́n fi dí ibi tí àgbàrá ti ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà. Ibẹ̀ ló wúlò sí jù.

Mo tún sọ ọ̀kan sí i: ẹ̀yìn afẹ́fẹ́ kì í ṣe oyè mọ́. A ó máa yí ipò ni, èmi náà wà níbẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ bíi tèmi fajú ro. Mo jẹ́ kó ro.

Àlàrùbá, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n dá Rùqáyyàh sílẹ̀. Mo mú un lọ sí Uso, sílé ẹ̀gbọ́n ìyá wa, níbi tí kò ti sí táyà, tí wọ́n sì ń fi gáàsì dáná. Dókítà fún un ní ohun kékeré kan tí yóò máa fín sẹ́nu nígbà tí àyà bá fún un. Ó bi mí bóyá mo ti tọ́jú ọ̀bẹ òun. Mo ní mo ti tọ́jú rẹ̀. N kò sọ ìyókù fún un. Ẹnu mi tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ó bẹ̀rù rẹ̀ lónìí.

Igi kòkó dé láti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, igi àtijọ́, ó gbẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n iná igi lọ́ra. Awọ kan gbà wá ní àkókò tí méjì ń gbà tẹ́lẹ̀. Mo ní kí a kọ́kọ́ da omi gbígbóná lé e, kí a fá irun rẹ̀ kó tó kan iná. Ó yá díẹ̀. Jemimah ní orí kò fọ́ òun.

Àtìní, ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà

Obìnrin kan tó ń ra pọ̀nmọ́ lọ́wọ́ wa lọ tà ní Okeluse gbé e sókè, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kò dúdú tó, kò sì ta sánsán bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó, òórùn táyà lò ń wá yẹn. Lọ bá vọ́káná tó ń lẹ táyà." Ó rín ẹ̀rín títí, ó sì rà á.

Jímọ́ọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ọdún dé. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní yídì ni orí àgbò ti ń wọlé, nínú báàfù, nínú àpò, lórí ọ̀kadà. A dá iná mẹ́ta, wọ́n jìnnà síra, wọ́n ń jó geere. A ń yí ipò. Nígbà tó kàn mí láti dúró síwájú èéfín, mo rí i pé mo ti gbàgbé bó ṣe ń ta ènìyàn lójú, igi gbígbẹ pàápàá. N kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Mo ṣe tèmi tán, mo kúrò fún ẹni tó kàn.

Òjò dé lẹ́yìn ìrun Àyìlà ọ̀sán. Iná kú. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní kí ẹni tó bá lè dúró dúró, kí ẹni tí kò bá lè dúró gbé orí àgbò rẹ̀, kò sí ìjà. Àwọn kan lọ. Ọkùnrin kan tó wọ agbádá tuntun ní obìnrin tó bá tú òrùlé orí ara rẹ̀ nígbà ọdún, ó yẹ kí wọ́n yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò. Mo kí i kú ọdún.

Nígbà náà ni Jímọ̀ dé. Ó gbé orí àgbò tirẹ̀ méjì dání, ó tò sẹ́yìn àwọn tó kù nínú òjò, olórí alápatà odindi, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó fẹ́ máa lọ rí i, wọ́n dúró. Òjò dá, a fa igi jáde lábẹ́ páànù, iná ràn lẹ́ẹ̀kan náà. A wì wọ́n tán kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀ńrúbà ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí táyà kan ṣoṣo. Jímọ̀ gba orí àgbò rẹ̀, kò sọ nǹkankan nípa ọmọ Ọ̀ghọ̀, ṣùgbọ́n ó fi itan àgbò kan ránṣẹ́ sílé mi.

Àlàádì, ọjọ́ kẹjọ

Rùqáyyàh dé láti Uso láàárọ̀ yìí, kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ó ti sanra díẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́. Ó kí mi kú ọdún, ó sì na ọwọ́ fún ọ̀bẹ rẹ̀.

Mo ní kò sí ọ̀bẹ. Mo ní kò ní dúró nídìí iná mọ́ láyé yìí, ì báà ṣe iná igi, ì báà ṣe iná àbẹ́là. Mo ní mo ti gba ìsọ̀ fún un níwájú mọ́ṣáláṣí, pọ̀nmọ́ wa ni yóò máa tà níbẹ̀, yóò jókòó sínú atẹ́gùn bí ènìyàn.

Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣeré. Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ta ló ní kí ẹ gbé mi jókòó bí arúgbó, èmi tí ọwọ́ mi yá jù nídìí iná yẹn, ẹ bi Jemimah, ẹ bi Baba Alápatà, láti ibí dé Àkúrẹ́ kò sí ẹni tó lè wi awọ bíi tèmi, láti kékeré lẹ ti ń pàṣẹ fún mi, ẹ yan aṣọ fún mi, ẹ yan ọkọ fún mi, ẹ kọ́ ilé, ilé fẹ́ẹ̀ pa mí, ẹ tún tú u, ẹ ò sì bi mí lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé Rùqáyyàh, kí ni ìwọ fẹ́."

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde, ó ń bú mi lọ. Ó dúró de ọlọ́kadà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bú mi. Àwọn aládùúgbò ṣí fèrèsé. Ọlọ́kadà dé, ó gùn ún, mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ títí wọ́n fi yí kọ́nà. Kò húkọ́. Kò dúró gba èémí lẹ́ẹ̀kan. Mo jókòó síbi tó fi mí sí, omi ń bọ́ lójú mi, mo ní Alhamdulillah.